Iléèwé Alámọ̀ ti Abúlé: Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Ọ àti Ohun Tó Là Kọjá

Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Yorùbá, ilé tó gùn jù lọ ni iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé gbọọrọ ni, kò ga, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sì gbà á já láti ìkángun kan dé èkejì. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ èyí tó bá ti lọ́jọ́ lórí nínú wọn, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló sì fi ọ̀wẹ̀ mọ ọ́n.

Etí ọ̀sà Àgbádárìgì ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Henry Townsend ti C.M.S., ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dé ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Ọparun ni Freeman fi kọ́ ilé tó ń gbé. Ní 1843, de Graft, olùrànlọ́wọ́ tí Freeman fi sílẹ̀ níbẹ̀, àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé níwèé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ àwọn tó ti Sàró (Sierra Leone) padà wálé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì C.M.S. tí àwọn èèyàn ń lọ wò níbẹ̀ lónìí, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà gòkè dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó sì dé Ìbàdàn ní 1853, nígbà tí David Hinderer, míṣọ́nnárì C.M.S., àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí àdúgbò Kúdẹtì. Yéjídé àti Akínyẹlé, ọmọ ìjòyè Olúńlọ́yọ̀ọ́, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Hinderer ni wọ́n sì ń gbé.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, ilé kan náà ni wọ́n fi ń sin Ọlọ́run tí wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ. Bó ṣe rí ní àwọn ìlú ńlá náà ló rí nígbà tó dé abúlé: ṣọ́ọ̀ṣì ni lọ́jọ́ Sọ́ńdè, iléèwé ni láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tíṣà náà ló sì tún ń wàásù. Ohun tó fún ilé náà ní ìrísí rẹ̀ nìyẹn. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni, kò sí ògiri láàárín rẹ̀. Kíláàsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan máa kọ ábídí, kí èkejì máa ka ìṣirò lórí, kí olúkúlùkù sì kọjú sí pátákó tirẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí náà kò kẹ́yìn. Ìjọba dá iléèwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1923 sì wá kọ́ iléèwé káàkiri.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń mọ ògiri, kí òjò má baà wó o. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń wa ilẹ̀ pupa. Ní àwọn abúlé kan, kòtò náà ṣì wà lẹ́yìn iléèwé, tí omi ń dúró sí lójò. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á da omi sí yẹ̀pẹ̀ náà, wọn á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọn á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, wọn á tún un tẹ̀ títí yóò fi fà. Wọn á wá ṣù ú ní ìṣù-ìṣù, wọn á máa jù ú sókè sí ẹni tó ń mọ ògiri. Ipele kan kì í ju orúnkún lọ. Bí kò bá tíì gbẹ, wọn kì í gbé òmíràn lé e, nítorí òkè á wó ìsàlẹ̀. Ògiri tó bá jáde níbẹ̀ á nípọn dáadáa, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí inú ilé tutù lọ́sàn-án gangan.

Kì í ṣe gbogbo ògiri ló máa ń dé òkè. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, ògiri ẹ̀gbẹ́ mọ ní àyà àgbàlagbà, òkè rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ títí dé òrùlé, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ gba inú kọjá kí ìmọ́lẹ̀ sì dé ojú síléètì. Àwọn tó bá mọṣẹ́ a tún kọ ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà máa ràn sójú àwọn ọmọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ níṣẹ́ tirẹ̀: òun ló ń gba òjò sára, kó má baà fọ ògiri.

Bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé ní ọ̀dàn, ewé gbòdògì ni ti igbó. Méjèèjì rọrùn lára, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ jẹrà, iná sì tètè ń mú wọn. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901 tó sì dé Òṣogbo ní 1907, páànù rọrùn láti kó wọ àárín ilẹ̀, owó kòkó ni ọ̀pọ̀ abúlé sì fi rà á. Páànù kì í jóná, ṣùgbọ́n ó ń mú ooru wọlé. Bí òjò ńlá bá sì dé, tíṣà á dákẹ́ títí yóò fi dá. Irin rélùwéè tó ti gbó náà rí iṣẹ́ ṣe: wọ́n gé e, wọ́n so ó mọ́ igi, ó di agogo iléèwé.

Ọdún tó yí gbogbo rẹ̀ padà ni 1955. S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ti gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù Keje 1952, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní 1955, lábẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n tó nǹkan bí 457,000 ní 1954, lé ní 811,000 ní 1955. Gbọ̀ngàn kan kò lè gba irú èrò bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn yàrá tó tò tẹ̀ léra ló gbapò rẹ̀, kíláàsì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilẹ̀kùn tirẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Amọ̀ ṣì ni ọ̀pọ̀ wọn, àfi pé wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, búlọ́ọ̀kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé amọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba àwọn iléèwé lọ́wọ́ ìjọ, ṣùgbọ́n orúkọ ìjọ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ wọn títí di òní.

Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ amọ̀ yìí ti ba ilé púpọ̀ jẹ́. Ó le ju amọ̀ lọ, kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde, nígbà tó bá sì bó, á bó pẹ̀lú ẹran ara ògiri. Àmọ́ òrùlé ni ìparun sábà máa ń gbà wọlé. Ikán á jẹ igi àjà, ìjì á ṣí páànù méjì, omi á máa ṣàn wọ orí ògiri, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi wó. Ẹni tó bá fẹ́ tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe, òrùlé ni kó kọ́kọ́ mú: kó jẹ́ kí páànù yọ síta dáadáa, kó wa ojú àgbàrá jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri, kó sì fi amọ̀ di ibi tó bá ti jẹ.

Ó dun ni pé wọ́n ń wó ọ̀pọ̀ wọn láti fi àyè sílẹ̀ fún búlọ́ọ̀kù tuntun, láìwọn ilé náà, láìya fọ́tò rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn ọ̀gá iléèwé ń kọ lójoojúmọ́ sábà máa ń wà nínú àpótí ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ti kọ ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé, ọjọ́ tí àwọn òbí wá tún ògiri rẹ́, àti ọjọ́ tí alábẹ̀wò wá. Ó yẹ kí wọ́n ya ẹ̀dà ìwé wọ̀nyí, kí wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà tó po amọ̀ náà lẹ́nu wò, kí wọ́n tó gbé katapílà débẹ̀.