Tábìlì àti Ọ̀rọ̀ Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6

Bí a bá ń wàásù lórí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1-7, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn àpọ́sítélì gbé iṣẹ́ kékeré fún àwọn méje kí wọ́n lè ráyè ṣe iṣẹ́ ńlá. Láti ibẹ̀ ni èrò ti wọlé pé pínpín oúnjẹ àti gbígbá ilé ìjọsìn jẹ́ àtẹ̀gùn tí ojíṣẹ́ Ọlọ́run ń gùn dé orí pẹpẹ. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí Lúùkù kọ.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà, diakonia, èyí tí Bíbélì wa pè ní iṣẹ́ ìránṣẹ́, ni ó lò fún ìpínfúnni ojoojúmọ́ ní ẹsẹ 1 àti fún Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní ẹsẹ 4. Ní ẹsẹ 2, ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a tan ni ó lò fún tábìlì. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ àti ẹni tó ń wàásù, ìránṣẹ́ ni àwọn méjèèjì. Kódà, ẹni tí yóò bójú tó oúnjẹ gbọ́dọ̀ kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ àti ọgbọ́n. Mélòó nínú àwa oníwàásù Ẹ̀mí ló ń béèrè bẹ́ẹ̀ kí a tó yan ẹni tí yóò pín ìrẹsì ọdún?

Kí ló fa ìkùnsínú náà? Wọ́n ń ṣe ìgbàgbé àwọn opó Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì. Lúùkù kò sọ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹni tó ti ṣe olùṣọ́-àgùntàn rí mọ̀ pé kò dìgbà tí ènìyàn bá ṣìkà. Bí àwọn tó mú ìwé orúkọ lọ́wọ́ bá jẹ́ elédè kan náà, opó Ègùn tàbí Tiv tí kò gbọ́ ìkéde dáadáa lè má mọ ọjọ́ tí wọ́n pín nǹkan.

Ẹ wá wo àwọn tí ìjọ yàn ní ẹsẹ 5. Orúkọ Gíríìkì ni méjèèje ń jẹ́. Níkólásì, ará Áńtíókù, kì í tilẹ̀ ṣe Júù láti ìbí. Lóòótọ́, àwọn Júù mìíràn ń jẹ́ orúkọ Gíríìkì láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó jọ pé ọwọ́ àwọn tó ń ráhùn gan-an ni wọ́n gbé àpò lé. Ibẹ̀ ni ìsìn àìmọtara-ẹni-nìkan ti ń ká ni lára. Ọ̀pọ̀ wa lè wẹ ẹsẹ̀ ọmọ ìjọ. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a ń kó oúnjẹ sí ni a kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Fílípì wàásù ní Samaríà lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ àmì sì tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ní orí 21:8, Lúùkù pè é ní ajíhìnrere, ó sì tún fi kún un pé ọ̀kan nínú àwọn méje ni. Kesaríà ni Fílípì ń gbé nígbà náà. Àlejò tó wọ̀ sí ilé rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù, ẹni tó lóhùn sí ikú Stéfánù, tó sì wà lára àwọn tí inúnibíni wọn lé Fílípì kúrò ní Jerúsálẹ́mù. Ọjọ́ púpọ̀ ni Pọ́ọ̀lù àti àwọn tó bá a rìn fi wà nínú ilé náà.