Jean Van de Velde: Ihò Kan Ṣoṣo Tó Kù

Nínú eré gọ́ọ̀fù, ẹni tó lu bọ́ọ̀lù níwọ̀n ìgbà tó kéré jù lọ kí ó tó parí ihò gbogbo ni ó ń borí. Ìṣirò yìí ni ó sọ Jean Van de Velde, ọmọ ilẹ̀ Faransé, di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Mont-de-Marsan ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1966. Ó sọ eré náà di iṣẹ́ ní 1987, ó sì gba ife Rome Masters ní 1993. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1999 ni a fi ń rántí rẹ̀, níbi ìdíje Open ní Carnoustie, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì. Láti 1907 tí Arnaud Massy ti gba ife náà, kò sí ọmọ Faransé mìíràn tó tún gbà á.

Ó ku ihò kan. Bí Van de Velde bá tilẹ̀ lu bọ́ọ̀lù nígbà mẹ́fà níbẹ̀, tirẹ̀ ni ife. Kò rọra ṣe é. Ọ̀pá tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù lọ ni ó mú. Bọ́ọ̀lù yà sápá ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀kejì kọlu irin ìjókòó àwọn òǹwòran, ó ta padà sínú koríko gíga. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Barry Burn gbé e mì. Ó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì wọ inú omi lọ. Níkẹyìn, ó gbà láti gbé bọ́ọ̀lù kúrò níbẹ̀; wọ́n ka ìyẹn sí i lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún kó sínú kòtò iyanrìn, ẹ̀ẹ̀kẹfà yọ ọ́ jáde. Ní ẹ̀ẹ̀keje, nígbà tí ọwọ́ ẹlòmíràn ìbá máa gbọ̀n, ó tì í wọ ihò láti nǹkan bíi mítà méjì.

Báyìí ni òun, Justin Leonard ọmọ Amẹ́ríkà àti Paul Lawrie ọmọ Skọ́tílándì ṣe wà lọ́gbọọgba. Wọ́n tún ihò mẹ́rin gbá, Lawrie sì gba ife lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn bú u pé ó gbójú jù. Síbẹ̀, kò sá fún àwọn oníròyìn. Lọ́dún yẹn kan náà, òun ni ọmọ Faransé àkọ́kọ́ tó bá ikọ̀ Yúróòpù gbá ife Ryder. Lẹ́yìn náà, orúnkún rẹ̀ dá a dúró fún ìgbà pípẹ́. Ní 2005, ife Faransé tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi àṣekágbá. Ṣùgbọ́n ní 2006 ó gba ti Madeira, ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ti Rome.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀kọ́ ti Van de Velde kò mọ sórí ìṣubú nìkan: ẹni tó ṣubú lójú gbogbo ayé lè dìde lójú gbogbo ayé, kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.