Igi iṣu àti eegun itan

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tí mo kọ́ nígbà kan pè mí lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ SS, ti ń tiro láti bí oṣù mẹ́ta. Wọ́n ya X-ray ìgbáròkó rẹ̀, wọ́n ní orí eegun itan ti ń kú. Ilé ìwòsàn aládàáni kan wá sọ fún un pé abẹ́rẹ́ stem cell kan ṣoṣo ni yóò parí ọ̀rọ̀. Owó tí wọ́n dá lé e, àfi kó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Prof, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Ṣé kí n tà á?" Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà eegun o. Irin, amọ̀ àti gíláàsì ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan iṣẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ ká ti oko bẹ̀rẹ̀. Níbí ní Ìrẹsàadú, bí iṣu bá hù, a máa ń ri igi fún un kó lè gùn ún. Igi yẹn kì í ṣe iṣu, kò sì ní ta. Kó ṣáà dúró gbọin títí ìtàkùn yóò fi dàgbà. Bí ikán bá jẹ ẹ́ láàárín òjò, ìtàkùn á wó lulẹ̀. Bí ikán bá jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí a ti wa iṣu, ta ló kàn? Ohun tí wọ́n ń pè ní scaffold nìyẹn: nǹkan tí wọ́n ń fi sí ibi tí eegun ti sọnù, kí sẹ́ẹ̀lì lè gùn ún, kí eegun tuntun gba ipò rẹ̀, kí òun náà sì máa yòrò lọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá yára yòrò jù, ó di wàhálà. Bó bá kọ̀ tí kò yòrò, wàhálà náà ni.

Kí ni wọ́n fi ń ṣe é? Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n eegun ni kálísíọ́mù àti fọ́sífeètì tó so pọ̀, hydroxyapatite lorúkọ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ni collagen, okùn tó jẹ́ kí eegun lè tẹ̀ díẹ̀ kó tó kán. Ẹni tó bá ti ju eegun màlúù sínú iná rí mọ̀ pé ó máa ń funfun, á sì máa rún: collagen ló jó lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn olùwádìí ṣe ń ṣe é nínú ìléru, láàárín 700 sí 1000 díígírì. David Obada àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, ti ṣiṣẹ́ lórí eegun ẹran báyìí. Ní Bells University, Ọ̀tà, Enobong Essien àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi amọ̀ bentonite ṣe irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013. Ìkarahun ìgbín tí a ń dà sí ààtàn náà, kálísíọ́mù ni.

Ihò ló ń dá gbogbo wa láàmú. Scaffold gbọ́dọ̀ ní ihò bíi búrẹ́dì, ihò tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ó kéré tán, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè wọlé. Bí ihò bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Lórí itan tó ń gbé odindi ènìyàn, ìṣòro ńlá nìyẹn.

Stem cell wá ńkọ́? Inú mùdùnmúdùn ló wà. Friedenstein, ará Rọ́ṣíà, ló fi hàn láàárín ọdún 1960 sí 1970 pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ lè di eegun bí a bá gbé wọn síbòmíràn. Wọn ò pọ̀. Nínú àgbàlagbà, wọn kì í sábà tó 1 nínú 10,000. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa mùdùnmúdùn láti ìgbáròkó aláìsàn, tí wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i kí sẹ́ẹ̀lì lè kórajọ.

Àwọn bàbá wa tó ń to eegun mọ̀ pé eegun ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ rántí pé àwọn mìíràn á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ti aláìsàn. Bí adìyẹ bá ti rìn, wọ́n á tú ọparun. Mi ò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibi tí ewu wà ni kí wọ́n di ẹsẹ̀ le jù, kí ẹ̀jẹ̀ má lọ, kí ẹsẹ̀ rà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìgbáròkó ọmọ SS sún mọ́ ọn: ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé dí iṣan, orí eegun kò rí ẹ̀jẹ̀, ó kú. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì àti scaffold tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn, òkú náà ni.

Ní Faransé, Hernigou lu ihò sínú orí eegun itan àwọn aláìsàn, ó fi mùdùnmúdùn tiwọn fúnra wọn sí i. Èsì tó gbé jáde ní 2002: nínú ìgbáròkó 145 tí orí eegun kò tíì wó, 9 péré ni wọ́n padà wá pààrọ̀. Nínú 44 tó ti wó, 25 ni. Ní 2018, ìwádìí mìíràn tó fi àwọn aláìsàn wéra wọn rí i pé kò ṣàǹfààní bó bá ti wó.

Ìyẹn ni mo fi dáhùn. Mo ní, "Ọmọ mi, má ta nǹkan kan. Bi wọ́n pé: ṣé orí eegun ti wó àbí kò tíì wó? Ara ta ni sẹ́ẹ̀lì náà ti wá? Ṣé wọn á lu ihò ní yàrá iṣẹ́ abẹ, àbí abẹ́rẹ́ lásán ni?" Ó pè wọ́n. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ nínú ìgò láti òkè òkun, wọn ò sì tíì ya MRI. Mo ní kó kó X-ray náà lọ bá àwọn dókítà eegun ní UCH, Ìbàdàn, kí ọmọ náà má sì tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n fún un. Ó ní òun á pè mí bí wọ́n bá ti ya MRI náà.