Kí Ẹ̀jẹ̀ Tó Dé Iwájú Ẹ̀rọ: Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Àṣìṣe Nínú Àyẹ̀wò

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò kò bá bá ìṣesí ara aláìsàn mu, ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí. Àwọn onímọ̀ ní ìlú Padua, ní orílẹ̀-èdè Ítálì, ka àṣìṣe tí ó wáyé ní yàrá àyẹ̀wò wọn, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Nínú àṣìṣe 100, nǹkan bí i 68 ni ó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé iwájú ẹ̀rọ rárá. Nígbà tí wọ́n tún un kà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó ṣì tó 62.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó ń gbé Ìpógùn, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítòsí ilé, ṣùgbọ́n tí àyẹ̀wò náà kò ṣeé ṣe níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ní láti rìnrìn àjò lọ sí Àkúrẹ́ tàbí ìlú Oǹdó. Bí ó bá jẹ́ àyẹ̀wò ṣúgà, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ yóò máa jẹ ṣúgà náà lójú ọ̀nà, tó nǹkan bí i 5 sí 7 nínú 100 ní wákàtí kan, ooru sì ń mú kí ó yá sí i. Alátọ̀gbẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ gbọ́ pé ara òun dá. Nítorí èyí ni a fi ń lo ìgò ọlọ́mọrí eérú, tí oògùn tí ń dáàbò bo ṣúgà wà nínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá fi ipá fa ẹ̀jẹ̀, tàbí tí wọ́n mì ín jù, sẹ́ẹ̀lì yóò fọ́, èròjà potassium inú wọn yóò sì tú jáde. Èsì yóò wá fi hàn pé potassium aláìsàn ti pọ̀ jù, dókítà sì lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àìsàn tí kò sí.

Àṣìṣe orúkọ ni ó burú jù lójú wa. Bí wọ́n bá lẹ orúkọ aboyún kan mọ́ ìgò ẹ̀jẹ̀ aboyún mìíràn, kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, èsì yóò sì jẹ́ òtítọ́ nípa ẹlòmíràn. Bí ó bá di pé kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Báwo ni a ṣe ń ṣọ́ irú nǹkan báyìí? Ìwé ni. Yàrá àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ó ń kọ gbogbo ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ tí ó kọ̀ sílẹ̀ sí: ibi tí ó ti wá, wákàtí tí ó dé, àti ohun tí ó ṣe é. Ní òpin oṣù, a ó fi iye èyí tí a kọ̀ wé gbogbo èyí tí a gbà. Bí ẹ̀jẹ̀ tí ó fọ́ bá ń wá láti wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń pẹ́ dé, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. ISO 15189, ìlànà àgbáyé fún yàrá àyẹ̀wò, béèrè irú ìṣọ́ báyìí. Yàrá àyẹ̀wò tí ìwé rẹ̀ ṣófo kò fi dandan dára ju àwọn yòókù lọ. Ó lè jẹ́ pé wọn kò kọ ọ́ ni, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá jẹ́wọ́.

Ní ìpínlẹ̀ wa tí ibà Lassa ti mọ̀ wá dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a fura sí gbọ́dọ̀ wà nínú ìdì mẹ́ta. Bí ó bá dànù lọ́nà, ẹni tí ó gbé e wà nínú ewu, ẹni tí yóò tún un gbà náà sì wà nínú ewu.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá fún ẹ̀jẹ̀ mìíràn, ẹ má ṣe rò pé wọ́n fẹ́ jẹ yín lówó. Ẹ béèrè ohun tí ó ṣe ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun fún wákàtí mẹ́jọ, ẹ má ṣe fi ẹ̀kọ díẹ̀ panu. Bí omi ìtọ́jú bá ń wọ apá kan, ẹ na apá kejì. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ orúkọ yín, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lè dáhùn sí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí ẹ tó dìde lórí àga, ẹ rí i pé wọ́n ti kọ orúkọ náà sára ìgò lójú yín.