Òṣómàáló àti Onílé Rẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kí ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹsẹ̀ ni àwọn oníṣòwò fi ń ti ìlú kan dé èkejì. Nínú wọn ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Òṣómàáló. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ni ó di orúkọ mọ́ wọn lára: òṣó ni àwọn yóò ló títí owó àwọn yóò fi pé. Ẹni tí ó bá jí ní òwúrọ̀ tí ó bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, tí ó lóṣòó, tí kò pariwo, tí kò sì dìde, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n níbo ni ọkùnrin náà sùn mọ́jú? Kò ní ilé ní ìlú náà, kò ní ẹbí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ni ó sì jẹ ẹ́ lówó.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà ti rí. Láti 1877 ni àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ti ń bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjí. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ni balógun wọn. Òṣogbo sì wà lábẹ́ Ìbàdàn. Ní 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó wọn. Ní gbogbo àkókò náà, ẹni tí ó bá dá rìn jìnnà lè di ẹrú kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, tí àwọn òyìnbó oníṣòwò sì ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà ń rin nǹkan bí ibùsọ̀ 20 láti Iléṣà wá ra aṣọ. Ogun kò ì tí ì tú tó ọdún 15. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kí wọn káàbọ̀ ni ó ti mọ Ìjẹ̀ṣà ní ọ̀tá rí.

Láti Òṣogbo, wọn a kọjú sí Èkìtì, Àkókó, Ìgbómìnà àti ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá a máa mú ọmọ iṣẹ́ dání láti bá a ru aṣọ. Àkùkọ ìdájí ni aago wọn, kí wọ́n lè rìn jìnnà kí oòrùn tó mú. Bí ebi bá dé, ẹ̀kọ àti àkàrà ni, tàbí iṣu sísun. Iyán tí Ìjẹ̀ṣà fẹ́ràn di ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀nà oko, wọn a máa bá èso tí olóko kó sílẹ̀ lábẹ́ igi láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, tí ó to òkúta wẹẹrẹ tì í láti fi iye owó rẹ̀ hàn. Ẹni tí ebi ń pa yóò mú ọjà, yóò fi owó sílẹ̀, yóò bá tirẹ̀ lọ. Olóko kò mọ ẹni tí ó rà á.

Bí wọ́n bá wọ ìlú, ilé kan ni wọn yóò yà sí.

“Ẹ kú ilé o.”

“Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú àárẹ̀.”

Omi ni onílé yóò kọ́kọ́ gbé fún wọn. Ìbéèrè di ẹ̀yìn omi. Lẹ́yìn náà ni yóò mú wọn lọ kí Baálẹ̀, nítorí bí nǹkan bá sọnù ní ìlú, àlejò tí kò ní onílé ni ojú yóò kọ́kọ́ lọ sára rẹ̀. Kì í gba owó yàrá lọ́wọ́ wọn. Bí ibà bá mú ọmọ iṣẹ́, ìyàwó onílé ni yóò se àgbo fún un. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Adìẹ tí onílé kò ní í lọ́kàn láti pa sì ti kú nítorí àlejò báyìí.

Lóòótọ́, onílé náà ń rí nǹkan gbà. Àlejò a máa fún un ní aṣọ, a sì máa mú ìròyìn wá. Ọmọ onílé pàápàá lè wà lójú ọ̀nà ibòmíràn ní ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí onílé ń fún Òṣómàáló ju oúnjẹ àti ẹní lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni oníbàárà ń san owó àwìn, nígbà tí ìkórè bá dé. Àlejò kò mọ ẹni tí ń sanwó yàtọ̀ sí ẹni tí ń sá. Onílé mọ̀ wọ́n, ó mọ bàbá wọn. Òun ni yóò sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní alẹ́ pé kí ó má ṣe fún lágbájá ju ìró kan lọ. Òun náà ni yóò jáde nígbà tí lílóṣòó bá fẹ́ di ìjà, tí yóò bẹ àlejò rẹ̀, tí yóò sì bá aládùúgbò rẹ̀ wí. Èyí ni ó nira jù, nítorí bí àlejò bá lọ tán, òun àti aládùúgbò náà ni yóò jọ máa gbé.

Bí ó bá wá ṣe onílé fúnra rẹ̀ ni ó jẹ gbèsè ńkọ́? Kò sí bí ènìyàn yóò ti lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ilé tí ó sùn. Fún ọlọ́gbọ́n Òṣómàáló, ó sàn kí ó fi aṣọ ta onílé rẹ̀ lọ́rẹ ju kí ó tà á fún un láwìn lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gba ojú ọ̀nà, ẹrù kúrò lórí, ìrìn ọjọ́ kan sì di ti wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi èrè aṣọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ti ara wọn. Síbẹ̀, gbèsè kì í tán ní wákàtí kan. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ní Iléṣà nígbà náà láti lọ gba owó aṣọ, ilé onílé rẹ̀ àtijọ́ ni ó ń yà sí, a sì ti di ìdì kékeré kan fún ìyàwó onílé kí ó tó gbéra.