Ta Ló Yẹ Kó Wọ Aṣọ Cuba? Iyàn Tí Kì í Tán Láàárín Àwọn Olólùfẹ́ Bésíbọ́ọ̀lù

Ní Parque Central, àárín gbùngbùn Havana, nítòsí ère José Martí, àwọn ọkùnrin máa ń pé jọ láti jiyàn lórí bésíbọ́ọ̀lù. Esquina Caliente, Igun Gbígbóná, ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Wọ́n á dúró ní agbo, ọ̀kan á na ìka sí èkejì, ohùn á ròkè débi pé àlejò tí kò gbọ́ èdè Spanish á rò pé ìjà ti bẹ́. Ohun tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni bóyá ó yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ti yọ ajùbọ́ọ̀lù rẹ̀ kúrò ní abala keje, àti ìdí tí ìgbìmọ̀ tó ń yan ikọ̀ orílẹ̀-èdè fi mú lágbájá, tí wọ́n sì fi tàmẹ̀dò sílẹ̀.

Havana nìkan kọ́. Irú agbo bẹ́ẹ̀ wà ní Santiago de Cuba, ó wà ní Matanzas, Santa Clara náà ò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ lè pè é ní ibi tí àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ti ń pa àkókò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá Cuba, ti ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba tàbí ti ẹ̀ka rẹ̀ ni. INDER, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá láti ọdún 1961, ti ìjọba ni. Abẹ́ àjọ yìí kan náà ni àwọn tó ń yan ikọ̀ wà. Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ bésíbọ́ọ̀lù kàn ní erékùṣù náà, olólùfẹ́ tó dúró ní páàkì nìkan ni kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó sọ tẹnu rẹ̀. Bí a bá ń wá ibi tí a ti ń bi àwọn aláṣẹ eré náà léèrè iṣẹ́ wọn ní gbangba, ibẹ̀ ni ká lọ.

Agbo náà ní òfin tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ẹni tí kò ní òǹkà lórí, kó má gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni agbábọ́ọ̀lù náà gbá a dé ibi tó yẹ nínú ìgbà mẹ́wàá tó di ọ̀pá mú? Bó bá pé ẹ̀ẹ̀mẹta, a ó máa gbé e gẹ̀gẹ̀. Bó bá rẹlẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀méjì àti ààbọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tí kò jẹ́ kó lọ jókòó. Ó lè ya àwa tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ mọ́ lára lẹ́nu pé ẹni tó kùnà lẹ́ẹ̀meje nínú mẹ́wàá ni akọni, ṣùgbọ́n bí eré náà ṣe le tó nìyẹn, ìdí sì nìyí tí ìyàtọ̀ kékeré láàárín agbábọ́ọ̀lù méjì fi lè di iyàn ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Òǹkà náà kì í sì í sọ gbogbo òótọ́. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún, títí di 1999, ọ̀pá alumíníọ́mù ni wọ́n ń lò ní líìgì Cuba. Bọ́ọ̀lù a máa ta kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ọ̀pá onígi kò ní. Nígbà tí wọ́n padà sí ọ̀pá onígi, iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù ń fò jáde kúrò lórí pápá já wálẹ̀. Nítorí náà, bàbá tó ń fi akọni ìgbà èwe rẹ̀ na ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ní ẹgba, ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ irú ọ̀pá tí akọni náà dì mú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ ọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ìdajì iyàn àwọn olólùfẹ́ ló máa ń jẹ́ lórí owó: ta ni kí ẹgbẹ́ wa rà, ta ni kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, ṣé mílíọ̀nù tí wọ́n san lórí ọmọkùnrin yìí kò ti wọmi. Cuba kò mọ irú iyàn yẹn. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòpin sí eré ìdárayá olówó, tí líìgì tuntun, Serie Nacional, sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ẹkùn tí agbábọ́ọ̀lù ti wá ló ń ṣeré fún. Ẹgbẹ́ kò lè tà á, wọn kò sì lè ra ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ọmọ àdúgbò ni. Ìyá rẹ̀ ń tò fún búrẹ́dì bíi ti gbogbo ayé. Èyí mú kí agbo máa fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú agbábọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì da gbogbo ìbínú lé akọ́nimọ̀ọ́gbá àti ìgbìmọ̀ lórí.

Ìgbà tí ìlànà tuntun dé ní sáà 2012 sí 2013 ni nǹkan yí díẹ̀. Nígbà náà, bí sáà bá dé ìdajì, àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa a máa tẹ̀ síwájú, wọn a sì máa yan agbábọ́ọ̀lù láti inú àwọn ẹgbẹ́ tó já kúrò láti fi kún tiwọn. Àwọn kan ń pè é ní ìrànwọ́. Lójú tèmi, ìlànà yìí ló dá ọjà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ sí ọjà. Alátìlẹ́yìn Industriales, ẹgbẹ́ aláṣọ búlúù ti Havana, á rí ajùbọ́ọ̀lù tó ti fi ọdún púpọ̀ bú nínú aṣọ búlúù, á sì di dandan kó pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹkùn tó já kúrò á máa wo ọmọ rẹ̀ tó ń gba ife fún àwọn ẹlòmíì. Ó yẹ kí àwọn tó gbé ìlànà náà kalẹ̀ wá sí páàkì láti gbèjà rẹ̀.

Lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá, iyàn tó dùn mọ́ mi jù ni ti bíbu ọ̀pá jẹ́jẹ́, tí a fi ń fi ẹnìkan rúbọ kí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lè sún sí ibùdó kejì. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá Cuba fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àwọn àgbà agbo sì fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú, torí ó fi hàn pé ọmọ náà ní ìtẹríba, pé ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ ju òun lọ. Àwọn tí ń ṣírò ní tiwọn ń wí pé ènìyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré ni ẹgbẹ́ kan lè pàdánù kí abala mẹ́sàn-án tó parí, kí ló dé tí ẹ ó fi fi ọwọ́ ara yín mú ọ̀kan tọrẹ? Òǹkà wà lẹ́yìn wọn: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹgbẹ́ tó fi ẹnìkan rúbọ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré kì í gba àmì tó ẹgbẹ́ tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bó bá ku àmì kan ṣoṣo ní abala kẹsàn-án, tí ọ̀pá sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá múṣé, ìrúbọ náà lè tọ́. Èyí ni agbo kì í fẹ́ gbọ́ bí inú bá ti bí wọn. Àbájáde eré ni wọ́n fi ń ṣèdájọ́ ìpinnu: bó bá yọrí sí rere, ọlọ́gbọ́n ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, bó bá bàjẹ́, kí wọ́n lé e. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò mọ àbájáde nígbà tó ń pinnu, ohun tó mọ̀ nígbà náà ló yẹ ká fi dá a lẹ́jọ́.

Gbogbo èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyàn orúkọ. Bí orúkọ àwọn tí wọ́n pè sí ikọ̀ orílẹ̀-èdè bá jáde, ìgbìmọ̀ a máa sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ oníkálukú lórí pápá ni àwọn wò. Agbo á fi orúkọ wé òǹkà, á sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í fi gbogbo ìgbà bára mu. Nígbà náà ni a ó gbọ́ nípa ìwà, nípa ìfarajìn, nípa ìbáwí. Ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n, wọ́n sì fẹ̀ tó láti bo ohun tí ẹni tó ń lò wọ́n kò fẹ́ sọ síta.

Ìbéèrè nípa ẹni tó yẹ lórí pápá pẹ́ ju ìjọba tó wà lórí àléfà lọ. Ní Matanzas, ibi tí ìlù bàtá àti orin òrìṣà àwọn Lukumí, àrọ́mọdọ́mọ Yorùbá, ti fìdí múlẹ̀, ni pápá Palmar de Junco wà, níbi tí wọ́n ti gbá bésíbọ́ọ̀lù ní 1874. Ìsìnrú ṣì wà ní Cuba nígbà náà. 1886 ló tó dópin. Nígbà tí líìgì bẹ̀rẹ̀ ní 1878, kò sí àyè fún aláwọ̀ dúdú nínú rẹ̀, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá múṣé tó. Ìlẹ̀kùn náà kò ṣí títí di 1900. Síbẹ̀, Cuba ṣáájú Amẹ́ríkà níbẹ̀, torí 1947 ni Jackie Robinson, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, tó wọ pápá fún Brooklyn Dodgers. Havana ni ẹgbẹ́ náà sì lọ ṣe ìgbaradì ní ọdún yẹn, kí wàhálà ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà má bàa bá wọn. Nínú agbo tòní, àwọn tí bàbá ńlá wọn kì bá tí rí àyè wọ líìgì ìgbà yẹn wà lára àwọn tó ń pinnu ẹni tó yẹ.

Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń jà lé lórí báyìí ni ti àwọn tó lọ. Ní 1991, ajùbọ́ọ̀lù ikọ̀ orílẹ̀-èdè kan dúró sí Miami nígbà tí àwọn yòókù padà sílé. Ọ̀pọ̀ ló tẹ̀ lé e. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó bá lọ di ọ̀dàlẹ̀ lẹ́nu aláṣẹ, orúkọ rẹ̀ kì í sì í jáde lórí rédíò mọ́. Igun Gbígbóná ní tirẹ̀ kò gbàgbé wọn. Láti ẹnu ìbátan tó wà ní Miami, láti ọwọ́ arìnrìn-àjò, àti láti inú àwọn fáìlì tí wọ́n ń tà láti ilé dé ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn olólùfẹ́ ń gbọ́ bí ọmọ wọn ṣe ń gbá a ní Amẹ́ríkà. Òǹkà ẹni tí ìjọba ní ká má dárúkọ wà lórí wọn pérépéré.

Ní 2013, ìjọba gbà kí agbábọ́ọ̀lù lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun pẹ̀lú ìwé àdéhùn, àwọn kan sì lọ sí Japan. Amẹ́ríkà le ní tirẹ̀, nítorí òfin ìdènà òwò kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀ gba ẹni tó ṣì ń gbé ní Cuba. Àdéhùn tí Major League, líìgì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, àti àjọ bésíbọ́ọ̀lù Cuba ṣe ní December 2018 ì bá tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé e ní April 2019. Ẹni tó bá fẹ́ dé Major League ní láti kọ́kọ́ sọ ibòmíràn di ilé. Nígbà tó di ìdíje World Baseball Classic ti 2023, Cuba pe àwọn kan tó ń ṣeré ní Major League fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn tó ti sọ̀rọ̀ sí ìjọba kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan nínú agbo kò fara mọ́ pípè wọ́n rárá. Wọ́n ní ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì gba inú oòrùn láti ẹkùn kan sí èkejì, tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, tí iná sì ń lọ nílé rẹ̀ bíi ti gbogbo ènìyàn, kò yẹ kó fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ fún olówó tó wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, ẹni tó bá fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ kò mọ ìyà tí wọ́n ń jẹ. Síbẹ̀ èmi wà lẹ́yìn àwọn tó ní kí a pe ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, níbikíbi tó bá ń gbé. Ilé tí ọmọ fi sílẹ̀ nítorí àtijẹ kò sọ ọ́ di àlejò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn ní páàkì ló sì ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun tí wọ́n ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá sì fẹ́ fi ohun tí agbábọ́ọ̀lù sọ nípa ìjọba ṣe òṣùwọ̀n, kí wọ́n sọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má fi òǹkà bojú.

Iyàn tuntun kan sì ti ń hù lẹ́yìn èyí, òun ló sì nira jù. Àwọn ọmọdé ló ń lọ báyìí, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, tí òbí wọn ń kó lọ sí Dominican Republic kí ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà lè tètè rí wọn. Wọn kò gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ní Serie Nacional. Agbo kò ní òǹkà wọn, kò sí ẹni tó fi ojú rí wọn ní Estadio Latinoamericano, pápá ìṣeré Havana. Láti ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù ti dé Cuba ní December 2018, àwọn ọ̀dọ́ ń fi fídíò irú ọmọ bẹ́ẹ̀ han àwọn àgbà, wọ́n ń ka òǹkà rẹ̀ láti inú líìgì kéékèèké ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní òun ni kí Cuba pè. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò wọ aṣọ ẹkùn kankan rí, àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ á dárúkọ àdúgbò tí wọ́n ti bí i, àti pápá tó ti kọ́ eré náà kó tó lọ.