Ìpolówó inú fíìmù: dátà ta ni wọ́n ń jẹ?

Ní Òkè-Àrò, níbi tí ìpínlẹ̀ Ògùn ti fara kan Èkó, télọ̀ a máa gbé fóònù ti ògiri, kí fíìmù Yorùbá máa lọ lórí YouTube bó ti ń tẹ máṣíìnì. Ibi tí ìyálé ti fẹ́ ká ọkọ rẹ̀ mọ́ gan-an ni ìpolówó máa ń já wọlé! Kì í ṣe èèṣì o. Fíìmù tó bá ti tó ìṣẹ́jú 8, ẹni tó ni ín lè ki ìpolówó bọ àárín rẹ̀. Nínú náírà 100 tó bá pa níbẹ̀, 55 ni tirẹ̀, YouTube á mú 45. Kò burú, owó ni wọ́n fi ṣe fíìmù. Dátà tó gbé ìpolówó wá ńkọ́? Òǹwòran ló rà á.

Òmíràn wà tí ẹ lè fò lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 5. Òmíràn, àfi kí ẹ wò ó tán. Ẹni tó bá ń sanwó oṣooṣù kò ní rí wọn.

Ṣùgbọ́n bí òṣèré bá ń yin ọṣẹ láàárín eré ńkọ́? Ìyẹn kò ṣeé fò, owó oṣooṣù kò sì ràn án. YouTube ní kí onífídíò jẹ́wọ́ pé òun gbowó, kí àkọlé rẹ̀ hàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 níbẹ̀rẹ̀. Ta ló ń rójú wo ìyẹn, nígbà tí abẹ́rẹ́ ń lọ lórí aṣọ?

Ti sìgá ni ìjọba bínú sí jù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àjọ NFVCB tó ń yẹ fíìmù wò kéde òfin pé wọn kò gbọdọ̀ fi fíìmù, fídíò orin tàbí àwàdà orí fóònù polówó rẹ̀ mọ́, nítorí àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn wòran.